Ọpọ́n Wà Níbẹ̀, Ikin Dà? Àyẹ̀wò Bí Ìpinnu Àkọ́kọ́ Ṣe Ń Darí Ohun Ifá Nínú Mùsíọ́ọ̀mù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹsẹ Ifá, kì í sì í ṣe ti ẹbọ. Ọ̀rọ̀ nípa ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ni, èyí tí tẹrú tọmọ ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni, pé kò kan babaláwo tó jókòó sídìí ọpọ́n rẹ̀ ní Ìnísà, ní Ìkìrun tàbí ní Òkukù. Ó kàn án gidigidi. Ohun tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù ni ọmọ ilé ìwé àti àlejò ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé, “Ifá nìyí.” Bó bá jẹ́ apá kan ni wọ́n rí, apá kan náà ni wọ́n máa mọ̀, apá kan náà ni wọ́n sì máa fi kọ́ ọmọ tiwọn.

Láti Ìnísà ni a ti ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ wo mùsíọ́ọ̀mù láti ìlú wa, yálà kó gba Ìkìrun bọ́ sí Òṣogbo, tàbí kó gba Òkukù àti Ọ̀fà lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ní ti ọ̀pọ̀ ohun Ifá tó lókìkí jù, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó rí wọn. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù kì í ṣe àwòrán Ifá. Àwòrán ìpinnu àwọn tó kọ́kọ́ kó wọn jọ ni: ohun tí wọ́n bèèrè, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, àti ohun tí àwọn bàbá wa gbà láti yọ̀ǹda. Ìkẹta yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì jẹ wá lógún jù.

Àkójọ tilé

Oríṣi ohun méjì ló máa ń wà nínú mùsíọ́ọ̀mù. Èkíní ni èyí tí wọ́n yá wá fún àfihàn oṣù díẹ̀, tí yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Èkejì ni èyí tó ti di tilé, tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí lára, tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé àkọsílẹ̀, tí kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́ àfi bí ìgbìmọ̀ tàbí òfin bá pàṣẹ. Èkejì yìí ni a ó máa pè ní àkójọ tilé.

Báwo ni àkójọ tilé ṣe ń dàgbà? Ẹ jẹ́ ká fi ìrọ́kẹ́ ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ilé náà fẹ́ràn eyín erin, ó ra ìrọ́kẹ́ eyín erin mẹ́ta. Ẹni tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé wò, ó rí mẹ́ta, ó wá ìkẹrin tó rẹwà jù wọ́n lọ kí iṣẹ́ tirẹ̀ náà lè hàn. Ọ̀mọ̀wé dé, ó kọ ìwé lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oníṣòwò ohun àtijọ́ ka ìwé náà, ó rí i pé irú èyí ló ń pa owó wọlé, ló bá ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú kan, tó ń bèèrè ìrọ́kẹ́ eyín erin nìkan. Agbẹ́gilére gbọ́ ohun tí ọjà ń fẹ́, òun náà yí ọwọ́ padà. Ìrọ́kẹ́ onígi lásán tí ọ̀pọ̀ babaláwo fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò wọ inú ìtàn náà rárá. Kò sẹ́ni tó pa irọ́, kò sẹ́ni tó jí nǹkan. Ẹni àkọ́kọ́ kàn fẹ́ràn eyín erin ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìpinnu àkọ́kọ́ lágbára ju èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ti sọ bí yàrá ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó dé lẹ́yìn kàn lè kun ògiri rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wá wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ohun tiwa.

Ọpọ́n tó wà ní Ulm

Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù, èyí tí a mọ̀ pé ó pẹ́ jù kò sí ní Nàìjíríà, kò sì sí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìlú Ulm ní Jámánì ló wà. Oníṣòwò ìlú náà kan, Christoph Weickmann, ló kó ohun àjèjì láti ibi gbogbo láyé jọ sílé ara rẹ̀, ó sì tẹ ìwé tó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ jáde ní 1659. Ọpọ́n náà wà nínú ìwé yẹn. Èyí fi hàn pé ó ti kúrò nílẹ̀ adúláwọ̀ ṣáájú ọdún náà, ó sì ti lé ní 360 ọdún. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọba Allada ló ti wá, ní ilẹ̀ tó wà nínú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, níbi tí wọ́n ti ń pe Ifá ní Fá.

Kí ni Weickmann kọ nípa rẹ̀? Ó pè é ní pátákó ìrúbọ. Ó ní àwòrán bíi ti Sátánì ló kún ara rẹ̀. Ó sọ pé ọba Allada ló ń lò ó, pé ọba náà sì wà lábẹ́ ọba Ìbíní. Ó parí. Kò dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Kò dárúkọ awo tó ń tẹ Ifá lórí rẹ̀. Kò mẹ́nu kan ìyẹ̀rosùn, bẹ́ẹ̀ ni kò mẹ́nu kan odù. Àwòrán ènìyàn, ẹranko àti irinṣẹ́ tó yí etí ọpọ́n náà ká, tí awo ń wò bí ẹni ń ka ìwé, ẹ̀rù ni wọ́n jẹ́ lójú tirẹ̀. Ọba ló kà sí, torí ọba ni wọ́n mọ̀ ní Yúróòpù pé ó ń ní nǹkan.

Àwọn olùwádìí kò tètè sọ gbangba pé ọpọ́n Ifá ni. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwé sọ náà ni ohun náà ń jẹ́: pátákó ìrúbọ ọba kan. Ẹ̀yin awo, ẹ wo ohun tí gbólóhùn díẹ̀ lè ṣe. Ọpọ́n kò yí padà, igi kò yí padà, ọ̀nà ara rẹ̀ kò yí padà. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó jẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ sọ tọ̀tún-tòsì. Bí Weickmann kò bá tẹ ìwé rẹ̀, a kò ní í ní ẹ̀rí kankan tó ní ọdún lára pé iṣẹ́ ọpọ́n ti gòkè tó báyìí kí ọ̀rúndún 17 tó parí. Inú ìwé kan náà ni àbùkù àti oore ti wá. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé kíkọ sílẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a kò bèèrè kí a tó kọ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ilẹ̀kùn ọba, orúkọ agbẹ́gilére

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Allada bọ́ sí Èkìtì, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò tíì pẹ́ tó 1659. Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Lára ohun tí wọ́n kó lọ láti Nàìjíríà ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, èyí tó fi ọba hàn bó ṣe ń gba òyìnbó alákòóso lálejò. Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì, British Museum, rí i, ó wù wọ́n, wọ́n sì bèèrè rẹ̀. Ògògà gbà pé kí wọ́n mú un, wọ́n sì ṣe àga ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní pàṣípààrọ̀. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe di tilé ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn.

Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ọlọ́wẹ̀ wà láàyè ní 1924, 1938 ló tó kú. Odidi ọdún 14 ni ààyè fi wà láti rán ẹnì kan lọ sí Ìsẹ̀ kó bi í léèrè bó ṣe ṣe é, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, kí ni ìtumọ̀ eléyìí, kí ni ìtumọ̀ tọ̀hún. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló wá gbé orúkọ rẹ̀ jáde fún aráyé. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn wọlé, orúkọ ọba ló bá a wọlé.

Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ tí gbogbo ààfin Èkìtì ń bẹ̀ lọ́wẹ̀, kí ni ká sọ nípa ẹni tó gbẹ́ agere Ifá fún babaláwo kan ní abúlé? Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ agere àti ọpọ́n nínú àpótí gíláàsì: “Yorùbá, ọ̀rúndún 19.” Odidi ẹ̀yà ni wọ́n fi ṣe orúkọ ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀, oríkì agboolé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kì í gbàgbé orúkọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá tọ ìyá àgbà kan lọ nínú agboolé náà lọ́jọ́ tí wọ́n ra ohun náà, ìdáhùn ì bá ti bá ohun náà rìn. Kò sẹ́ni tó bèèrè, nítorí ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹni tó ra ohun náà mú dání kò ní àyè fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1938 àti òfin tó tẹ̀ lé e

Ìpinnu àkọ́kọ́ kì í ṣe ti òyìnbó ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ tiwa náà ní ibi tó ti ṣẹ̀. Ní January 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde. Ẹyọ kan lára wọn bọ́ sọ́wọ́ oníwèé ìròyìn òyìnbó kan, òun ló sì wà ní British Museum láti 1939. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ lákòókò náà, ra méjì, ó sì dá wọn padà sí Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ẹ̀rù ba àwọn kan pé gbogbo rẹ̀ ló máa jáde tán. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1927, wà lára àwọn tó kígbe jù. Ní 1943, ìjọba fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó ń bójú tó ohun àtijọ́ ilẹ̀ yìí. Mùsíọ́ọ̀mù Oníkan ní Èkó ṣí ní 1957, ohun tí Murray sì rìn kiri kó jọ wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà wá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí ikán ì bá ti jẹ, tí iná ì bá ti jó, tàbí tí ọmọ tó ti yí ẹ̀sìn padà ì bá ti dà sígbó, ló wà ní Oníkan lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí ìpinnu náà ti wá. Ẹ̀rù pé wọ́n ń kó ohun ẹlẹ́wà jáde ló bí mùsíọ́ọ̀mù wa. Ohun tí òyìnbó lè fẹ́ rà náà ló sì kọ́kọ́ dáàbò bò. Ohun tí òyìnbó kò fẹ́ rà, kò sẹ́ni tó dù ú.

Ẹ̀rù yẹn wọ inú òfin. Òfin ohun àtijọ́ jáde ní 1953. Òfin kejì, Decree 77 ti 1979, tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, sọ ohun tí ìjọba kà sí ohun àtijọ́. Iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tó ní iyì ìtàn, ẹwà tàbí ìmọ̀, tí wọ́n ti lò rí tàbí tí wọ́n ń lò fún ètò ìbílẹ̀. Òfin náà dárúkọ ère, ilẹ̀kùn, òpó ilé, ọ̀pá, ìlù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin babaláwo, ẹ gbọ́ o: ọpọ́n tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lánàá lè bọ́ sábẹ́ òfin yìí, kò sì gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Ìlànà yìí dára fún ààbò. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Ikin kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Èso ọ̀pẹ ni, Ọlọ́run ló gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ Ifá kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ohùn ẹnu ni. Ohun méjèèjì tí kò ṣeé fi ṣeré nínú Ifá ni òfin tí a ṣe láti dáàbò bo ohun àtijọ́ kò rí dárúkọ. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ òfin kórìíra wa. Ojú tí wọ́n kọ́kọ́ fi wo ohun wa, ojú olùra ère, ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ikin tí kò sí níbẹ̀

Ní báyìí, a ti dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu mùsíọ́ọ̀mù máa ń sọ pé, “Ẹ wò ó, ọpọ́n pọ̀ jaburata, agere pọ̀, ìrọ́kẹ́ pọ̀, ikin ṣọ̀wọ́n. Ẹ ti fi ẹran sílẹ̀, ẹ ń kó awọ.” Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ohun tó wà nínú àpótí. Àmọ́ wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé olùra nìkan ló ń yàn, bí ẹni pé bàbá wa kàn dúró bí ère nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀.

Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Babaláwo tí olùra bá tọ̀ wá náà ń yàn. Ọpọ́n tí ó bá fọ́ tàbí tí ó bá lọ, gbẹ́nàgbẹ́nà lè gbẹ́ òmíràn. Agere tí ikán bá jẹ, a lè fi àwo tàbí igbá rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikin tí a gbà nínú igbódù, tí a ti fọ̀, tí a ti bọ, tí ó mọ orí ẹni, kò sí ọjà tí a ti ń ra òmíràn. Bí awo bá kú, Ifá ni a máa ń bi léèrè ibi tí ikin rẹ̀ yóò gbà. A kì í bi oníṣòwò. Torí náà, nígbà tí bàbá kan yọ̀ǹda ọpọ́n tó di ikin mú, ó ti sọ èyí tó jẹ́ ohun èlò àti èyí tó jẹ́ Ifá fún wa. Àìsí ikin nínú àpótí gíláàsì kì í ṣe àṣìṣe olùra nìkan. Ìdáhùn tí àwọn bàbá wa fún un ni.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ìyọ̀ǹda. Wọ́n fi ogun kó òmíràn, ọmọ tó jẹ gbèsè ta òmíràn lóru, àlúfàá tàbí ìmáàmù ní kí òmíràn kúrò nílé. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí a fi lélẹ̀ àti ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹni. Ohun tó dùn wá ni pé ìwé àkọsílẹ̀ kì í sábà ya èkíní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. “A rà á” ni wọ́n máa ń kọ, tàbí “ẹ̀bùn lágbájá,” wọ́n sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Àlejò tó bá dúró níwájú àpótí kò ní í mọ̀ pé ẹnì kan wà tó sọ pé, “Mú èyí, fi tọ̀hún sílẹ̀.”

Àbùkù tí a rí nínú àkójọ tilé àwọn mùsíọ́ọ̀mù wọ̀nyí nìyí, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ẹlòmíì máa ń kà sílẹ̀. A kò ní kí wọ́n lọ wá ikin kún ọpọ́n. Rárá o. Ohun tí a ní ni pé kí wọ́n sọ fún àlejò pé ikin ló yẹ kó wà láàárín ọpọ́n yìí, pé kò sí níbẹ̀, àti ìdí tí kò fi sí níbẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù tó bá sọ ohun tí kò ní ti kọ́ni ní Ifá ju èyí tó kó ọgọ́rùn-ún ọpọ́n jọ tó sì dákẹ́.

Àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà. Lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àpẹẹrẹ méjì wà tí ìpinnu àkọ́kọ́ gba ibòmíràn.

Èkíní ni Ẹ̀sìẹ́. Ère òkúta tó ju 800 lọ ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti ẹni tó jókòó. Láti 1933 ni ìròyìn wọn ti dé etí ìjọba. Wọn ì bá ti kó èyí tó rẹwà jù lọ sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì fi àwọn tó ti fọ́ sílẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ilé lé wọn lórí ní 1945, tó fi di mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nítorí ìpinnu yẹn, èyí tó dára àti èyí tó fọ́ wà lójú kan, àwọn ará ìlú sì ń ṣe ọdún ère wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ máa rí ọ̀pọ̀ orí tó ti já kúrò lọ́rùn, ìyẹn nìkan sì ti tó ìbéèrè. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó pé nìkan ni wọ́n kó lọ, ìbéèrè náà kò ní í sí.

Èkejì ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ère sí ojúbọ gan-an, lábẹ́ igi, létí odò. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì fi í sára ogún àgbáyé ní 2005. Òjò ń pa àwọn ère náà, wọ́n ń tún wọn ṣe. Kò sí gíláàsì, àwọn olùsìn sì ń wọlé wá bọ̀rìṣà. Àwọn kan ní iṣẹ́ òde òní ni, kì í ṣe ti àtijọ́. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu àkọ́kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ère máa gbé ibi tí òrìṣà ń gbé, ìpinnu yẹn náà ló sì ń darí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ títí dòní.

Ní ti ohùn ẹnu, àwọn olùkọ̀wé ló ṣe ohun tí mùsíọ́ọ̀mù kò ṣe. Bascom tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe olórí mùsíọ́ọ̀mù yunifásítì ní Berkeley ní Amẹ́ríkà láti 1957 títí di 1979, síbẹ̀ ìwé tó tẹ̀ jáde lórí Ifá ní 1969, tó kún fún ẹsẹ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Wándé Abímbọ́lá tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Ní Òkukù tó múlé gbe wá, Karin Barber fetí sí àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, ó sì kọ odidi ìwé lé e lórí, èyí tó jáde ní 1991. Nígbà tí UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún tí kì í ṣe ti igi àti òkúta, ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ ni wọ́n bọlá fún. Ó wá ku ìbéèrè kan: kí ló dé tí ìwé àti àpótí gíláàsì kò fi mọ ara wọn? Kí ló dé tí ọpọ́n máa ń wà nínú ilé kan, tí ẹsẹ sì wà nínú ilé mìíràn, bíi tọkọtaya tó kọ ara wọn sílẹ̀?

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Lámèyítọ́ tí kò bá sọ ohun tó kàn, ariwo ọjà ni. Ìran tiwa náà ti fẹ́ ṣe ìpinnu àkọ́kọ́. Ààfin kan lè ní òun fẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ohun àtijọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi lè dá owó jọ. Babaláwo kan lè kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn fẹ́ fi ẹrù bàbá tọrẹ dípò kí àwọn sun ún. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá di gègé mú ló máa sọ ohun tí àwọn ọmọ ọmọ wa máa mọ̀.

A rọ gbogbo ẹgbẹ́ awo ní Ìnísà, Ìkìrun, Òkukù àti ibi gbogbo tí ìwé yìí bá dé pé kí wọ́n ra ìwé ńlá kan, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ kí olùra tó dé. Ìbéèrè márùn-ún ni kó wà lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ta ló gbẹ́ ẹ tàbí ta ló rọ ọ́, ọmọ agboolé wo ni, ta ló sì kọ́ ọ níṣẹ́? Ta ló lò ó, oyè wo ló jẹ, ta ló jogún rẹ̀? Báwo ló ṣe dé ibi tó wà: wọ́n rà á ni, wọ́n fi tọrẹ ni, àbí wọ́n fi agbára gbà á? Kí ni ohun tó yẹ kó wà pẹ̀lú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀? Kí ni ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, ta ló sì ní àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n gba ohùn ẹni tó dáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù tó wà lápò àwọn ọmọ wa lè ṣe èyí láìnáwó.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ fún wa pé kíkọ sílẹ̀ ń fi ọ̀nà han olè. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Ìwé tó bá sọ pé agere àtàtà wà ní ilé báyìí-báyìí, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni burúkú, ó ti tà á. Nítorí náà, kí ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí nọ́ńbà dípò àdírẹ́ẹ̀sì, kí orúkọ agboolé tó ń lo ohun náà lọ́wọ́lọ́wọ́ wà nínú ìwé kejì tí ẹni méjì péré ń ṣọ́. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ odù fún ọ̀pọ̀ ìran kò ní í ṣàìlè ṣọ́ ìwé méjì.

Ní ti mùsíọ́ọ̀mù tó ti wà, nílé àti lẹ́yìn odi, ìbéèrè wa kò le. Kí wọ́n yọ “Yorùbá, ọ̀rúndún 19” kúrò níbi tí wọ́n bá ti lè rí orúkọ tòótọ́, kí wọ́n sì wá bèèrè lọ́wọ́ àwọn agboolé kí àwọn ìyá àgbà tó mọ oríkì tó kú tán. Kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ọpọ́n pé ikin kò sí níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí àlejò gbọ́ ohùn awo níbi tó ti ń wo igi. Bí ohun kan bá sì wá láti ìlú tí a mọ̀, kí àyè wà fún un láti yá padà wálé nígbà ọdún Ifá, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ọjọ́ méje.

Ọpọ́n tó wà ní Ulm kò lè sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ fún wa mọ́. Èyí tó wà nílé babaláwo tó ń gbé ládùúgbò yín ṣì lè sọ ọ́, bí ẹ bá lọ bi í lọ́sẹ̀ yìí. Ire o.